Eré nínú kíláàsì èdè Faransé: kí ni ọmọdé ń rí kọ́ níbẹ̀?

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá Nàìjíríà pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Cameroon. Ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ tó bá wọ ilé ẹ̀kọ́ yóò bá èdè Faransé pàdé. Ara ohun tó mú kí ìjọba Nàìjíríà dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, Badagry, lọ́dún 1991 nìyẹn, tí ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1998 sì fi sọ pé kí Faransé di èdè ìjọba kejì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kọ́ èdè náà fún ọdún gbọọrọ tó jẹ́ pé "Bonjour, monsieur" nìkan ló ṣẹ́kù sí wọn lẹ́nu.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ya olódo. Ọ̀nà tí a gbà kọ́ wọn ló yẹ kí á yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kò tíì lè jókòó kọ́ àtòjọ ọ̀rọ̀-ìṣe sórí. Etí, ọwọ́ àti gbogbo ara ló fi ń kọ́ nǹkan, ìdí sì nìyí tí eré fi gba ipò pàtàkì nínú kíláàsì rẹ̀.

Ibo ni ọ̀nà yìí ti wá?

Lọ́dún 1881, ilẹ̀ Faransé sọ àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tálákà di ilé ẹ̀kọ́ gidi, wọ́n sì pè é ní "école maternelle". Pauline Kergomard, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nínú àwọn alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, takú pé eré ni iṣẹ́ ọmọdé, pé kò yẹ kí á to àwọn ọmọ sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán bí ẹni to ìgò. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni òfin ilẹ̀ náà ti sọ ọ́ di dandan kí ẹ̀kọ́ ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ nínú eré tí àwọn olùkọ́ Faransé ń lò káàkiri ayé, inú àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn ni wọ́n ti gbó.

Eré wo ló ń kọ́ ọmọ ní kí ni?

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni "Jacques a dit". Bí olùkọ́ bá sọ pé "Jacques a dit: touchez le nez", gbogbo ọmọ á fọwọ́ kan imú. Bí ó bá pàṣẹ kan náà láìdárúkọ Jacques, ẹni tó bá fọwọ́ kan imú ti jáde nínú eré nìyẹn. Láti àwọn ọdún 1960 ni James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tó wà nídìí irú ẹ̀kọ́ yìí: ọmọ ọwọ́ máa ń gbọ́ àṣẹ, ó sì máa ń ṣe é, tipẹ́tipẹ́ kó tó lè sọ gbólóhùn kan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ara akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dáhùn, ẹnu á bá a níwájú. Ọmọ tún ń kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu níbẹ̀, nítorí ó ní láti dúró gbọ́ àṣẹ tán kó tó mira.

Àtẹ́wọ́ ni ó kàn. Olùkọ́ á pe "pantalon", àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. "Chapeau" á gba méjì, "chat" á gba ẹyọ kan. Èyí ń la etí ọmọ sí sílébù. Ọmọ tó bá ti lè gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ báyìí, tó sì ti gbọ́ pé ìró kan náà ló bẹ̀rẹ̀ "chat" àti "chapeau", kò ní pẹ́ lóye ohun tí lẹ́tà wà fún nígbà tí àkókò ìwé kíkà bá dé. Ọmọ Yorùbá kì í sábà rí èyí bí ohun tó le, torí pé sílébù kọ̀ọ̀kan nínú èdè rẹ̀ ló ní ohùn tirẹ̀.

Eré "loto" kò gbà ju páálí àti ẹ̀wà lọ. Àwòrán mẹ́fà wà lórí páálí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí olùkọ́ bá pe orúkọ nǹkan, ẹni tó ní in á fi ẹ̀wà bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọmọ kan á gba ipò olùkọ́, òun náà á máa pè é. Ibí ni olùkọ́ tó gbọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ "le" àti "la". Èdè Yorùbá kò pín ọ̀rọ̀-orúkọ sí akọ àti abo. "Ó" kan náà ni à ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti ewúrẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi ọ̀dà búlúù yí àwòrán "le livre" ká, tí wọ́n fi pupa yí "la maison" ká, ojú ọmọ á ti mọ ìyàtọ̀ náà kó tó di pé ẹnikẹ́ni dárúkọ gírámà.

Eré ọjà náà wúlò. Ìdérí ìgò á di owó, àwọn ọmọ á máa bi ara wọn pé "C'est combien?" Ìṣirò, ìwà ọmọlúàbí àti dídúró de ẹlòmíràn ló wà nínú eré kan ṣoṣo.

Ọwọ́ pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Kí ọmọ tó di pẹ́ńsù mú, ẹ jẹ́ kó ya bébà, kó fi amọ̀ mọ nǹkan, kó sì fi ìka fa ìlà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ sórí iyanrìn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkọ̀wé alásopọ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, irú ìlà bẹ́ẹ̀ ló sì ń múra ìka wọn sílẹ̀.

Kí ni etí Yorùbá ti mọ̀, kí ló kù?

Ọmọ tó ń sọ Yorùbá kì í wọ kíláàsì Faransé lọ́wọ́ òfo. "É" àti "è" ti Faransé kò jìnnà sí "e" àti "ẹ" tiwa. Fáwẹ́lì inú "mot" sún mọ́ "o", ti inú "porte" sún mọ́ "ọ". Fáwẹ́lì àránmúpè, bí èyí tó wà nínú "bon", tó máa ń lọ́ àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu pọ̀, kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Ohun tí a kò ní ló yẹ kí eré dojú kọ. Àkọ́kọ́ ni "u" inú "rue". Láti pè é, kí ọmọ pe "i", kí ó fi ahọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, kí ó sì ká ètè bí ẹni tó fẹ́ súfèé. Èkejì ni "z". "Poisson" ni ẹja, "poison" ni májèlé. Fún etí tí kò tíì mọ "z", ọ̀kan náà ni méjèèjì. Káàdì méjì ni eré rẹ̀ gbà: olùkọ́ pe ọ̀rọ̀, ọmọ gbé àwòrán ẹja tàbí ti májèlé sókè. Bákan náà ni wọ́n lè ṣe fún "rue", tó jẹ́ òpópónà, àti "roue", tó jẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Ọ̀fìn kan tún wà nínú ìwé kíkà. Àmì orí fáwẹ́lì Yorùbá ń sọ bí ohùn ṣe lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Nínú Faransé, bí ẹnu ṣe ṣí ni àmì orí "é" àti "è" ń sọ. Ọmọ tó bá ti mọ àmì ohùn lè máa gbé ohùn sókè níbi gbogbo tó bá ti rí "é". Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí ojú rẹ̀ tó rí i.

Nínú ònkà, àwọn ọmọ tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àǹfààní mìíràn. "Quatre-vingts" túmọ̀ sí ogún lọ́nà mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni ọgọ́rin. Níbi 90 ni ọ̀nà ti pín: Faransé fi mẹ́wàá kún 80, Yorùbá yọ mẹ́wàá kúrò nínú 100. Òkìtì ẹ̀wà mẹ́rin, tí ogún wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ti tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ṣé kí á pa Yorùbá tì kí Faransé lè wọlé?

Rárá. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìdánwò, títí kan ti Gẹ̀ẹ́sì. Orí ìpìlẹ̀ kan náà ni ètò ELAN, tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ń ṣagbátẹrù rẹ̀ ní Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, dúró lé: kí ọmọ fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ìwé kíkà, kó sì gba ibẹ̀ dé inú Faransé. Fún ọmọ Kétu, Pobè tàbí Sákété ní Benin, tó jẹ́ pé Yorùbá ló ń gbọ́ nílé, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Nínú kíláàsì, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí olùkọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé òfin eré, kí wọ́n sì fi Faransé ṣe é.

Eré kọ̀ọ̀kan kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí ọmọ bá ṣì í pè, kí olùkọ́ tún un pè dáadáa, kí eré máa lọ. Ọmọ tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí kò ní lanu lọ́la. Sí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tó ni ilé ẹ̀kọ́, ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ tí ọmọ dà kọ láti ojú pátákó kì í ṣe ẹ̀rí pé ó gbọ́ èdè. Ẹ ní kó fọwọ́ kan imú, kó ka ẹ̀wà mẹ́wàá, kó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ yín ní Faransé. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ má nà án; ẹ lọ bi olùkọ́ rẹ̀ irú eré tí wọ́n ń ṣe.