Ọ̀dà Tí Ń Bó Lára Ògiri Balùwẹ̀

Oríṣi omi méjì ni ó máa ń ba ilé jẹ́ ní ìlú Ìbàdàn. Ọ̀kan a máa wá tariwo-tariwo. Irú rẹ̀ ni omíyalé tí odò Ògùnpa fà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, èyí tí ó wó ọ̀pọ̀ ilé, tí ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èkejì kì í pariwo. Inú ògiri ni ó máa ń gbà rìn, díẹ̀díẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ó ń gbé inú ilé náà kò ní í fura, títí ọ̀dà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó lára ògiri balùwẹ̀ bí awọ ejò, tí àbàwọ́n dúdú yóò sì máa yọ ní igun ògiri. Omi kejì yìí ni ó yẹ kí onílé mọ ìwà rẹ̀.

Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè Màpó, lẹ́bàá gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí ó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí òrùlé páánù tí ó ti dípẹtà lọ súà, níhà Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà. Lábẹ́ púpọ̀ nínú àwọn òrùlé náà, ògiri amọ̀ ni ó wà, amọ̀ tí àwọn baba ńlá fi ẹsẹ̀ pò, tí wọ́n sì fi mọ ilé ní ìpele-ìpele. Láyé àtijọ́, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ agbo ilé sábà máa ń wà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní òrùlé. Bí ènìyàn bá ti wẹ̀ tán, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni yóò gbẹ ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀làjú dé, wọ́n gbé balùwẹ̀ wọ inú ilé, wọ́n fi páánù bo orí rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ náà, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí jẹ́ fún arúgbó àti aláìsàn, tí kò tún ní í máa rìn nínú òjò lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bí a ti gbé omi wọlé, bẹ́ẹ̀ ni a ti oòrùn àti afẹ́fẹ́ mọ́ ìta.

Amọ̀ a máa mu omi. Bí òwú àtùpà ti ń fa epo láti ìsàlẹ̀ wá sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri amọ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀ tí ó rin. Ní Ìbàdàn, tí òjò ti máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ fún ìgbà pípẹ́. Bí ara ògiri bá ṣí sílẹ̀, omi tí ó fà yóò gba ara rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi tètè jáde, ọ̀dà elépo sì tún dí ojú ihò tí ó kù, omi a sì há sáàárín. Omi yìí gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá gbẹ, iyọ̀ náà yóò ṣẹ́kù, yóò di lẹ́búlẹ́bú funfun lábẹ́ ọ̀dà, yóò sì máa tì í síta, títí ọ̀dà yóò fi wú bí ara tí iná jó, tí yóò sì bó. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ògiri ni bíbó náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àbàwọ́n dúdú, èbu ni, ìbátan ohun tí í mú búrẹ́dì hùkasì bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú àpótí. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń fò kiri, kò sì sí ilé tí kì í wọ̀. Oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n, nítorí eruku, ìdọ̀tí ọṣẹ àti ọ̀dà pàápàá tó o jẹ. Ohun kan ṣoṣo tí onílé lè fi dù ú ni omi. Níbi tí kò bá sí ọ̀rinrin, èbu kò lè gbilẹ̀.

Nígbà tí ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésìmesì bá ń bọ̀, ọ̀pọ̀ baálé ilé a ra ọ̀dà tuntun, wọn a sì kùn ún lé orí èyí tí ó ti bó. Balùwẹ̀ a dán fún oṣù díẹ̀. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ọ̀dà náà a tún ti wú, owó ọ̀dà àti owó akunlé a sì ṣègbé. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Omi inú ògiri ni ẹ̀tẹ̀. Ọ̀dà tí ó bó ni làpálàpá.

Nítorí náà, kí onílé kọ́kọ́ wá orírun omi. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà wọlé. Páánù tí ìpẹtà ti lu ní ihò ni yóò jẹ́ kí ògiri rin láti òkè. Ọ̀gbàrá tí ó ń ṣàn bọ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, tí kò rí gọ́tà gbà, ni yóò dúró ní ìdí ògiri, tí yóò sì rin ín láti ìsàlẹ̀. Omi ìwẹ̀ tí ń ta sí ògiri, tàbí páìpù tí ń jò, ni ti inú. Bí ó bá rú onílé lójú, kí ó gé ọ̀rá kan tí ó mọ́, kí ó lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ògiri, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, ní ìhà ògiri, inú ògiri ni omi ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ iwájú rẹ̀ ni ìrì sẹ̀ sí, inú afẹ́fẹ́ balùwẹ̀ ni.

Lẹ́yìn tí a bá ti dí ihò páánù, tí a la gọ́tà fún ọ̀gbàrá, tí a sì tún páìpù ṣe, nígbà náà ni ó kan iṣẹ́ ara ògiri. A kì í ha èbu ní gbígbẹ, kí irúgbìn rẹ̀ má baà fò wọ imú. Kí a fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí a fi omi ọṣẹ rin ín, kí a sì fọ̀ ọ́ kúrò. Àwọn mìíràn a máa lo omi oògùn tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń sọ aṣọ di funfun. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tàbí mọ́ oògùn ìfọlé mìíràn, nítorí pé èéfín tí yóò jáde lára wọn lè pa ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, kí a ha gbogbo ọ̀dà tí ó ti wú kúrò, títí a ó fi kan ibi tí ó mú ṣinṣin, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn lẹ́búlẹ́bú iyọ̀ náà dànù.

Sùúrù ni ó kù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, ni ó dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ògiri gbọ́dọ̀ gbẹ dé inú kí ọ̀dà tó kàn án. Bí bíríkìlà bá fi sìmẹ́ńtì tuntun rẹ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, kí a dúró tó ọjọ́ 28 kí a tó kùn ún. Ní ti ògiri amọ̀, amọ̀ bíi tirẹ̀ tàbí ẹfun ilé ni ó yẹ kí a fi rẹ́ ẹ, nítorí pé àwọn wọ̀nyí a máa jẹ́ kí ó mí. Bí àyè bá sì wà, kí a gbé ibi ìwẹ̀ kúrò lára ògiri amọ̀ pátápátá.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Kí fèrèsé balùwẹ̀ tóbi tó, kí ó sì máa wà ní ṣíṣí. Ẹni tí ó bá wẹ̀ tán, kí ó fi ìgbálẹ̀ gbá omi ilẹ̀ lọ sí ojú àgbàrá. A kì í sá aṣọ tútù sínú balùwẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́.

Bí ẹnìkan bá rò pé ẹwà lásán ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, kí ó rántí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, ògiri balùwẹ̀ náà ni ògiri yàrá tí ọmọdé ń sùn sí. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ṣàlàyé pé ikọ́, èémí híhan àti ikọ́ fée a máa pọ̀ sí i lára àwọn tí ń gbé ilé tí ó rin, tí ó sì hu èbu. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri amọ̀ tí ó ti rin láti ọjọ́ pípẹ́ kì í lágbára mọ́. Òjò ńlá kan lè wó o lóru mọ́ àwọn tí ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kí onílé tí ọ̀dà balùwẹ̀ rẹ̀ ń bó tó ra agolo ọ̀dà mìíràn, kí ó kọ́kọ́ gun àkàbà wo páánù, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ògiri.