Àsomọ́ Nínú Àpilẹ̀kọ Jọ́nà: Èyí Tí Ó Yẹ Kí Olóòtú Tún Ṣe àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

1.0 Ìfáàrà

Nínú gbogbo ẹ̀yà àpilẹ̀kọ, àsomọ́ ni ó sábà máa ń gba ìtọ́jú tí ó kéré jù. Ó ti rẹ òǹkọ̀wé kí ó tó dé ibẹ̀. Olóòtú tí ń tún èdè àti ètò iṣẹ́ náà ṣe sì ti fẹ́ parí. Bẹ́ẹ̀, inú àsomọ́ ni ẹ̀rí wà: ìwé ìbéèrè tí a pín fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìdánwò tí a fi wọn ìmọ̀ wọn, ẹsẹ Ifá tàbí oríkì tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu abẹ́nà ìmọ̀. Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ṣe ń to àsomọ́ àti bí a ṣe ń tún un ṣe. Èrò wa ni pé àtúnṣe tí ó bá ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé mu lè ba ẹ̀rí inú àsomọ́ jẹ́.

2.0 Ipò àti Orúkọ Àsomọ́

Ìlànà APA, tí ẹ̀dà keje rẹ̀ jáde ní ọdún 2019, fi àsomọ́ sí ìparí iṣẹ́, lẹ́yìn ìwé ìtọ́kasí. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, a ó fún wọn ní lẹ́tà, A, B àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe kọ́kọ́ dárúkọ wọn nínú àpilẹ̀kọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tirẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ lójú ewé tuntun. Àtẹ inú àsomọ́ ní òǹkà ọ̀tọ̀: Àtẹ A1, Àtẹ A2. Ilé iṣẹ́ Elsevier náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmì ìdánudúró ni wọ́n fi kún un: A.1, A.2. Bí olóòtú bá rí àsomọ́ tí a kò tọ́ka sí níbì kankan nínú àpilẹ̀kọ, kí ó bi òǹkọ̀wé léèrè ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀.

Ìṣòro tiwa ni pé lẹ́tà C kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. D ni àsomọ́ kẹta. Bí ẹni tí ń to ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kò bá gbọ́ Yorùbá, yóò rò pé òǹkọ̀wé fo lẹ́tà kan ni, yóò sọ D di C, ṣùgbọ́n kò ní rántí yí "wo Àsomọ́ D" tí ó wà ní ojú ewé kẹrin padà. E àti Ẹ ni ó tẹ̀ lé D. Bí àmì abẹ́ bá já bọ́, àsomọ́ méjì yóò máa jẹ́ orúkọ kan náà. A lè tìtorí èyí yan 1, 2, 3, ṣùgbọ́n nínú jọ́nà tí a ti ń to ìpín àpilẹ̀kọ ní 1.0, 2.0, 2.1, báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ̀ bóyá ìpín kejì ni Àtẹ 2.1 wà tàbí àsomọ́ kejì? Lójú tiwa, A, B, D, E, F ni ó dára jù, kí a fo Ẹ, kí jọ́nà sì kọ ọ́ sínú ìtọ́ni rẹ̀ fún òǹkọ̀wé. Àpilẹ̀kọ tí àsomọ́ rẹ̀ bá ju márùn-ún lọ, ó ti ń di ìwé.

3.0 Ẹ̀rí Tí A Kò Gbọdọ̀ Tún Ṣe

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ìbéèrè ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìbéèrè keje sọ pé, "Ṣé o kì í ka ìwé Yorùbá nílé?" Ìbéèrè yìí lọ́jú pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni" lè máa sọ pé lóòótọ́ ni òun kì í kà. Òmíràn tí ń ronú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lè máa sọ pé òun ń kà. Olóòtú tí ojú rẹ̀ mú yóò fẹ́ sọ ọ́ di "Ṣé o máa ń ka ìwé Yorùbá nílé?" Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn ni ó wà nínú jọ́nà mọ́, òǹkàwé kò sì ní rí ìdí tí ìdáhùn wọn fi ta kora. Kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ó sì kọ̀wé sí òǹkọ̀wé pé kí ó mẹ́nu ba àléébù náà nínú àpilẹ̀kọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lórí lítíréṣọ̀ alohùn. Abẹ́nà ìmọ̀ ará Èkìtì tí ó pe ilé ní "ulé" kò ṣe àṣìṣe. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 de ọwọ́ òǹkọ̀wé, kò de ẹnu abẹ́nà ìmọ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ bá gbọ́ "ayé" nínú ohùn tí ó gbà sílẹ̀, tí ó wá kọ ọ́ ní "aiye", olóòtú lè tún un ṣe, nítorí ohùn náà kò yí padà. Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé àtijọ́ ni ó ti dà á kọ, "aiye" ni kí ó wà.

Kí a ṣọ́ ìlà pẹ̀lú. Bí òpó ìwé jọ́nà bá tóró ju ti àfọwọ́kọ lọ, ìlà gígùn yóò ṣẹ́ sí méjì. Bí a bá ka èyí tí ó ṣẹ́ sí ìlà tuntun, "ìlà 12 sí 15" tí àpilẹ̀kọ ń túmọ̀ yóò bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí a ti èyí tí ó ṣẹ́ wọnú díẹ̀, kí ó má ṣe ní òǹkà tirẹ̀.

Àtúnṣe kan wà tí ó kan ènìyàn ju èdè lọ. Akéwì àti babaláwo tí wọ́n fẹ́ kí a dárúkọ wọn, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni kò ní iṣẹ́ nínú àsomọ́.

4.0 Àmì Ohùn àti Ẹ̀dà Àyẹ̀wò

Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní kódù ẹyọ kan ẹyọ kan, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ̀ kò ní. Àmì ohùn wọn dá dúró. Nítorí náà, bí a bá pààrọ̀ irú lẹ́tà, àmì lè ṣí lọ tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Nínú àpilẹ̀kọ, gbólóhùn lè jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni. Nínú àtẹ ọ̀rọ̀ tí ó wà ní àsomọ́, àmì nìkan ni a ní. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Elsevier tilẹ̀ ń gbé ohun àfikún orí íntánẹ́ẹ̀tì jáde gan-an bí òǹkọ̀wé ṣe fi ránṣẹ́, láìtún un ṣe. Nígbà tí ẹ̀dà àyẹ̀wò bá ti ilé ìtẹ̀wé dé, kí òǹkọ̀wé tan ohùn tí ó gbà sílẹ̀, kí ó sì máa fi ojú bá àsomọ́ lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.