Agbẹjọ́rò Nídìí Ríra Ilẹ̀ Ẹbí

Ní Ìgbayè, Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, níbi tí ilẹ̀ ẹbí ti wọ́pọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò, ìyẹn lọ́yà, ń wádìí fún ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ni ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ní 1959, ilé ẹjọ́ là á yé gbogbo ènìyàn pé bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí yòókù fọwọ́ sí i, ẹbí lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e, ṣùgbọ́n bí àwọn yòókù bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, òfo pátápátá ni títà náà.

Agbẹjọ́rò náà ló ń yẹ ìwé sọ́fè wò, tó sì ń kọ ìwé àdéhùn; lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí tó di ti ẹlòmíràn. Bí bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹbí kò bá mọ̀wé, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìwé náà, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un, kó tó tẹ̀ka sí i. Ó sàn púpọ̀ kí olùrà ní agbẹjọ́rò tirẹ̀, nítorí ti olùtà, ire olùtà ló ń ṣọ́.