Ọ̀RỌ̀ ÀÀTÀN ÀBÚJÁ KAN ONÍLÉ, Ó KAN ÀLEJÒ

Ní ayé àwọn baba wa, ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn máa ń wà. Eérú, ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n ń dà síbẹ̀. Bí ọdún bá yí po, ilẹ̀ náà a lọ́ràá, tẹ̀tẹ̀ a sì hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ààtàn òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rá, ike, bátìrì, gílóòbù tó ti fọ́ àti oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ ni à ń kó lọ síbẹ̀, wọn kì í sì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ibi tí a ó máa da pàǹtí sí fi di ọ̀ràn ìjọba àti ọ̀ràn òfin.

Ní Àbújá, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n sì ti kọ́lé sí Lugbe, Kubwa, Karu àti Nyanya, ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré. Ohun tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin ará wa lónìí ni pé, bí ìjọba bá fẹ́ dá ààtàn tuntun sílẹ̀, tàbí tí ó bá fẹ́ fẹ èyí tó wà tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn, òfin fún yín ní àǹfààní láti sọ tẹnu yín kí a tó fọwọ́ sí i. Òfin náà kò sì bèèrè ìlú tí ẹ ti wá.

LÁTI MPAPE DÉ GOSA

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun fi òfin ya ilẹ̀ Àbújá sọ́tọ̀ fún olú-ìlú tuntun. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sì kó kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀. Bí èrò ti ń pọ̀ ni pàǹtí ń pọ̀. Mpape, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Maitama, ni ààtàn ńlá ìlú náà wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da pàǹtí síbẹ̀. Nígbà tó yá, òórùn rẹ̀ àti èéfín iná tí ń jó lórí rẹ̀ di ìnira fún àwọn ará àdúgbò, wọ́n sì tì í pa ní ọdún 2005. Gosa ni ó gba ipò rẹ̀, ìletò àwọn Gbagyi tó wà ní ìhà ojú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfurufú, tí kò jìnnà sí Lugbe. Àjọ tí ń dáàbò bo àyíká ní Àbújá, tí òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí AEPB, ni iṣẹ́ kíkó pàǹtí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí. Bí ìjọba tilẹ̀ gbé ààtàn jìnnà sí ìgboro, ìlú a máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ wo Olúṣọ́sùn ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1992. Ẹ̀yìn ìlú ni ó wà nígbà náà. Lónìí, ilé àti ọjà ti yí i ká. Nígbà tí iná ńlá sọ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2018, èéfín rẹ̀ bo àdúgbò débi pé ìjọba ní láti tì í pa fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ra ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ní àgbègbè Gosa lónìí kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀ràn àwọn ẹlòmíràn ni.

EWU TÍ OJÚ KÒ TÈTÈ RÍ

Òórùn àti eṣinṣin ni gbogbo ènìyàn máa ń ráhùn lé lórí, ṣùgbọ́n omi ni ó léwu jù. Bí òjò bá rọ̀ sórí pàǹtí, a gba inú rẹ̀ kọjá, a sì di omi dúdú tó kó oró bátìrì, irin àti oògùn dání. Bí kò bá sí ohun tí a tẹ́ sábẹ́ ààtàn láti dá a dúró, a rin wọ inú ilẹ̀, a sì bá omi kànga àti ti ẹ̀rọ tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ pàdé. Ọ̀pọ̀ ilé ní ẹ̀yìn odi Àbújá ni kò ní omi mìíràn ju èyí lọ, àfi èyí tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri. Omi tó mọ́ lójú sì lè má mọ́ nínú.

Lẹ́yìn omi ni iná. Pàǹtí tó ń jẹrà níbi tí atẹ́gùn kò dé a máa mú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ó ń gbaná. Ìdí nìyí tí iná ààtàn fi lè máa jó nínú fún ọjọ́ pípẹ́ lẹ́yìn tí a rò pé ó ti kú. Lẹ́yìn iná ni wíwó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, òkè pàǹtí ya lulẹ̀ ní Koshe, ní Addis Ababa, olú-ìlú Ethiopia, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Kiteezi, ní Kampala ti ilẹ̀ Uganda, ènìyàn tó lé ní 30 sì kú. Ààtàn tí a ń kó pàǹtí jọ lé lórí láìní ìwọ̀n ni àwọn méjèèjì.

A kò sọ pé kí ìlú má ní ààtàn o. Àwọn ará Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó gba ẹ̀mí ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn. Pàǹtí tí àwọn ènìyàn dà sínú odò wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Ìlú tí kò ní ààtàn tó dára yóò fi odò rẹ̀ ṣe ààtàn. Bí a ó ti ṣe é, tí kò fi ní pa ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ lára, ni ọ̀rọ̀ wà.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ìtìjú náà ta ìjọba jí. Ní ọdún 1992 ni òfin kẹrìndínláàádọ́rùn-ún jáde, èyí tó pàṣẹ pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá yóò ní lórí àyíká wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ààtàn ìlú wà lára àwọn iṣẹ́ tí òfin náà dárúkọ. Ìsọ̀rí keje rẹ̀ sọ pé, kí àwọn aláṣẹ tó ṣe ìpinnu, wọ́n gbọ́dọ̀ fún àwọn aráàlú, àwọn onímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn láyè láti sọ èrò wọn. Ìpinnu náà gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Lónìí, Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àyíká a máa pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á.

“Àwọn aráàlú” ni òfin wí, kò wí pé “ọmọ onílẹ̀.” Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tún dá a láre pé ẹgbẹ́ tí ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́ lórí epo rọ̀bì tó dà sínú odò ní ìpínlẹ̀ Abia, bí ilẹ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀.

ÀLEJÒ TÓ DÁKẸ́

Ìwà kan wà tí ń ṣe wá níbi rẹ̀. Bí a bá pe ìpàdé àdúgbò, ọ̀pọ̀ nínú wa a sọ pé, “Àjò la wà, ẹ jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ máa bá ìjọba sọ ọ́.” Ayálégbé a ní kí onílé lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún àwọn Gbagyi, tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ náà kí Àbújá tó di ìlú ńlá, kí a sì bá wọn pawọ́ pọ̀. Àwọn àgbà wọn mọ ibi tí odò ti ń ṣàn. Àwọn tó kàwé nínú wa lè ka ìwé ìjọba, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ ní ìpàdé fún àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má ṣe ariwo lásán. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀. Èkínní, ìhà wo ni omi ààtàn náà yóò ṣàn sí, ta ni yóò sì máa yẹ kànga wa wò, ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́ náà? Èkejì, kí ni wọn yóò tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, amọ̀ àti ọ̀rá nípọn ni, àbí ilẹ̀ lásán? Ẹ̀kẹta, ta ni yóò máa fi erùpẹ̀ bo pàǹtí lójoojúmọ́, owó wo ni wọn yóò sì fi ṣe é? Ẹ̀kẹrin, kí ni wọn yóò ṣe fún àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bọ́ sí i, àti fún àwọn baban-bola tí ń ṣa irin níbẹ̀ jẹun? Ẹ̀karùn-ún, ọdún wo ni wọn yóò tì í pa, ta ni yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹgbẹ́ onílé tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Òfin yìí kò mọ sí Àbújá nìkan. Bákan náà ni ó rí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kaduna, Jos, Kano àti ibòmíràn. Omi tí ọmọ yín ń mu ní àjò kò bèèrè bóyá Òṣogbo tàbí Òǹdó ni baba rẹ̀ ti wá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí ìkéde ìjọba lára pátákó káńsù, tàbí tí ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ pe aládùúgbò yín, kí ẹ sì lọ.