Ó jí láàárọ̀, kò sì mọ̀ pé alẹ́ lè má bá òun! Bí kòkòrò onígbáméjì ṣe ń fa omi ara èèyàn gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀

Bí wọ́n bá ti dárúkọ IDH ní Yaba, ọ̀pọ̀ ará Èkó ló máa ń sọ pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Wọn ò jẹ̀bi. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé àwọn tí àrùn tó ń ràn bá mú lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú àwọn tí Ebola mú lọ́dún 2014, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n gbé àwọn tó kó Kòrónà lọ lọ́dún 2020. Mainland Hospital lorúkọ tí ìjọba fún un, àmọ́ IDH kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà Èkó.

Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àlejò burúkú mìíràn tún dé. Onígbáméjì, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní Lagos Island, Kòsọ́fẹ́, Etí-Ọ̀sà àti Ìkòròdú, kò sì pẹ́ tó fi tàn káàkiri. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tí wọ́n fura sí pé ó ti mú ti lé ní 400, àwọn tó sì ti bá a lọ ti lé ní 20. Nígbà tí ìjọba Èkó wádìí lẹ́nu àwọn tó kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní àwọn mu ohun mímu òfíò inú ike, irú èyí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Ohun tí wọ́n ń mu nítorí oòrùn ló di wàhálà sí wọn lọ́rùn.

Ṣé ẹ wá fẹ́ mọ ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe níkùn? Vibrio cholerae lorúkọ rẹ̀. Ó kéré débi pé tí ẹ bá to 500 rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ. Ó tẹ̀ díẹ̀ bí àmì kọ́mà, ó sì ní ìrù tó fi ń wẹ̀. Inú ìgbẹ́ ẹni tó ti ní i ló ti ń bọ́ sínú omi. Omi yẹn la óò mu, òun la óò fi fọ èso, òun náà la óò fi po kunu.

Tó bá dé agbẹ̀du, omi kíkan tó wà níbẹ̀ máa ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ìdí rèé tí kì í fi í ṣe gbogbo ẹni tó gbé e mì ló ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pọ̀, àwọn tó ṣẹ́kù á sá wọnú ìfun kékeré, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn bí eṣúṣú.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá le. Kòkòrò yìí kò dà bí ti tífọ́ọ̀dù tó máa ń gba ara ìfun wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ. Ojú kan ló dúró sí tó ti ń tu oró. Ará Íńdíà kan, Sambhu Nath De, ló fi hàn ní Calcutta lọ́dún 1959 pé oró yìí gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ibi náà. Oró náà á ṣí ilẹ̀kùn tí iyọ̀ ń gbà jáde lára ìfun sílẹ̀ gbayawu, kò sì ní jẹ́ kó padé mọ́. Ibi tí iyọ̀ bá sì lọ, omi á tẹ̀ lé e. Ṣebí ẹ̀ ń rí bí ẹja tí wọ́n bu iyọ̀ sí ṣe ń ṣomi.

Ìgbẹ́ á wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ó sì lè tó lítà kan láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Èébì á tẹ̀ lé e. Ojú á jìn wọnú, ahọ́n á gbẹ, pajápajá á máa mú un lẹ́sẹ̀, ìtọ̀ á dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ á ki débi pé ọkàn kò ní lè tì í kiri mọ́. Ẹni tó jí láàárọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe lè má rí alẹ́.

Àmọ́ Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀. Ilẹ̀kùn mìíràn wà lára ìfun tí oró yìí kò rí tì. Ṣúgà àti iyọ̀ ló jọ máa ń gbà á wọlé, omi á sì bá wọn wọlé. Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, drip tán mọ́ Dókítà Dilip Mahalanabis lọ́wọ́ ní ibùdó àwọn tógun lé kúrò nílé. Ó po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ omi, ó ní kí àwọn ẹbí máa fún àwọn aláìsàn mu. Níbi tí àwọn tó ń kú ti tó 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o: omi tó mọ́ lítà kan, ìyẹn pure water oní-50cl méjì; ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú; iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iyọ̀ àpọ̀jù léwu. Tí ẹ bá rí ORS rà ní kẹ́míìsì, ó dáa jù. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sọ́sípítù. Ẹ má sọ pé ó ń bì, kí ẹ wá dáwọ́ dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe kọ́ nìyẹn. Tí inú bá ti ń ṣe gbuuru, kẹ́míìsì là ń sáré lọ: "Dókítà, ẹ fún mi ní Tetra mẹ́rin." Omi tó ń jáde ló ń pani, kápúsù mẹ́rin kò sì lè dá a padà. Òótọ́ ni pé dókítà lè fún ẹni tó le lára rẹ̀ ní oògùn apakòkòrò, àmọ́ omi ló ṣáájú. Àwọn kòkòrò tí kápúsù mẹ́rin yẹn bá sì halẹ̀ mọ́ tí kò pa, gbọ́n ni wọ́n ń gbọ́n sí i. Lọ́jọ́ tí a bá nílò oògùn náà gan-an, kò ní ràn wọ́n mọ́.

Kì í kúkú ṣe kọ́lẹ́rà nìkan ló ń gba inú omi wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ní Queen's College, Yaba níbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó lé ní 1,200 ló gba ilé ìtọ́jú ilé-ìwé lọ pẹ̀lú inú rírun, ibà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn kan kú nínú wọn. Nígbà tí ìjọba yẹ omi ilé-ìwé náà wò, kòkòrò àrùn ni wọ́n bá níbẹ̀.

Èèyàn 7,654 ni kọ́lẹ́rà pa ní Nàìjíríà lọ́dún 1991. Lọ́dún 2021, tí ayé ti lajú tán, ó tún pa 3,604. Àwa tí ọ̀sà yí ká ni omi mímu ń wọ́n! Ẹlòmíì ń fa omi kànga tí kò jìnnà sí ṣálángá, nígbà tó yẹ kí ó tó mítà 30 síra wọn. Onílé tó gbẹ́ kànga síbẹ̀ mọ̀. Ẹni tó háyà yàrá kan kò rí tirẹ̀ ṣe, àfi kó máa se omi kó tó mu ún.

Iṣẹ́ ìjọba ni omi ẹ̀rọ, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dé, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ yín, ẹ se omi yín, ẹ wo nọ́ńbà ara ike kí ẹ tó ṣí i. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá sì ti dà bí omi ìrẹsì, ẹ má ní kó sùn, kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ilẹ̀ lè má mọ́ bá a.