Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà wà fún ìtanù?

Tracy àti Laura Hickman ló kọ ìtàn ẹ̀rù Ravenloft ní 1983 fún Dungeons & Dragons, eré tí kálukú ti ń gbé ìwà ẹ̀dá inú ìtàn wọ̀. Caliban wọ ibẹ̀ nígbà tó yá: èèyàn ni, àmọ́ èpè tàbí oògùn burúkú ti ba ìrísí rẹ̀ jẹ́ láti inú ìyá rẹ̀. Eré Shakespeare ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ìwé òfin Ravenloft ti 2001 fi nọ́ńbà díwọ̀n bí ará ìlú ṣe kórìíra irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ká ní ìwọ ni caliban nínú eré náà: fẹ̀sọ̀ bẹ onílé pé kó fún ọ níbi sùn, ju dáìsì rẹ. Wọ́n á yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lára ohun tó bọ́ sí, ilẹ̀kùn sì lè tì gbàgà. Ní 2021, ìwé Ravenloft mìíràn mú dhampir, tó ní ẹ̀jẹ̀ òkú amùjẹ̀ lára, wá: bó bá géèyàn jẹ, ara rẹ̀ lè le sí i.