Thomas Babington Macaulay wo lẹ ń wí? Bí a ṣe ń ya àwọn baba ńlá tó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀

Látìgbà tí ìròyìn ti gba ìgboro pé gbèsè wọ 23andMe, iléeṣẹ́ tó ń yẹ DNA wò, lọ́rùn, tí wọ́n sì gba kóòtù lọ ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìbéèrè kan ló wà lẹ́nu àwọn èèyàn: itọ́ tí a ti tu ránṣẹ́ sí wọn ńkọ́? Àkọsílẹ̀ DNA èèyàn bíi mílíọ̀nù 15 ló wà lọ́wọ́ wọn kí àjọ TTAM, tí Anne Wojcicki ń darí, tó san mílíọ̀nù 305 dọ́là lé e lórí. Anne yìí wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò yẹn kì í ṣe kékeré, àwọn agbẹjọ́rò ò sì fi ṣeré.

Ibi tí èmi fẹ́ dúró sí lónìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èsì bá ti dé. Ọmọ Yorùbá kan ní London tàbí Houston á ṣí èsì rẹ̀, á rí orúkọ àwọn tí wọ́n ní ó bá òun tan: Johnson, Macaulay, Cole, da Silva. Láti ibẹ̀ ló ti máa bọ́ sínú ìwé àtijọ́, á máa wá ẹni tó jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó bá rí i, inú rẹ̀ á dùn, á ní òun ti rí baba ńlá òun. Orúkọ ló rí o. Èèyàn ṣì kù tó máa wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Thomas Babington Macaulay. Ẹni tó bá mọ ìtàn Èkó mọ̀ ọ́n sí àlùfáà tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ọkọ Abigail ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, bàbá Herbert Macaulay. Ẹni tó bá ka ìtàn England mọ Thomas Babington Macaulay mìíràn: òpìtàn àti aṣòfin tí wọ́n bí ní 1800, tó sì kú ní ìparí ọdún 1859 yẹn kan náà. Òyìnbó yìí gan-an kọ́ ló ni orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Thomas Babington kan wà ní Rothley Temple, ọ̀kan nínú àwọn tó bá òwò ẹrú jà, tó fẹ́ arábìnrin bàbá òpìtàn náà. Orúkọ ẹni yẹn ni wọ́n fi sọ òpìtàn náà. Bàbá òpìtàn yìí, Zachary Macaulay, sì ni ẹni tó ṣe gómìnà Sierra Leone títí di 1799.

Ti Èkó ńkọ́? Abúlé Kissy ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1826. Òjó Oriare, ọmọ Ìkìrun, ni bàbá rẹ̀. Kilangbe ni ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò pa òun àti òyìnbó yẹn pọ̀. Èrò tèmi ni pé òkìkí Zachary ní Freetown ló fa orúkọ náà, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iléèwé míṣọ́nnárì ni wọ́n ti fún un. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó bá gbé ìlà ìdílé Macaulay ti Èkó, tó sì so ó mọ́ Rothley Temple, ti gé Ìkìrun dànù.

Bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀ ló yẹ kó yé wa dáadáa. Ní Sierra Leone nígbà náà, ẹni tó bá ń san £5 lọ́dún fún CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, láti fi tọ́jú ọmọ kan ní iléèwé lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọmọ náà lórúkọ. Àwọn ọmọ ìjọ kan ní England á dá owó jọ, ọmọ Ẹ̀gbá tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ní Freetown á sì di ẹni tó ń jẹ́ orúkọ pásítọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ìrìbọmi. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, John Raban ṣèrìbọmi fún Àjàyí, ọmọ Òṣogùn. Orúkọ tó gbà ni ti Samuel Crowther, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church ní Newgate, London. Nígbà tó yá tí òun náà bímọ, ó sọ ọ̀kan ní Dandeson Coates, orúkọ akọ̀wé CMS. Nínú ìwé, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ìdílé Coates ti London ti dé odò Ọya.

Ìdí rẹ̀ rèé tí ọ̀nà kan tí àwọn òyìnbó gbára lé kò fi ṣiṣẹ́ fún ìdílé àwọn Sàró, àwọn tó ti Sierra Leone padà wá sílé. Ní ilẹ̀ wọn, orúkọ ìdílé máa ń tẹ̀ lé bàbá, apá DNA tí wọ́n ń pè ní Y náà sì ń ti ọ̀dọ̀ bàbá lọ sára ọmọkùnrin. Nítorí náà, bí ọkùnrin méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan bá ní Y kan náà, ó ṣeé ṣe gan-an kí wọ́n jẹ́ ọmọ baba ńlá kan. Lọ́dọ̀ tiwa, Y Òjó ará Ìkìrun ló wà lára ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Macaulay. Bákan náà ló rí pẹ̀lú àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó: orúkọ ẹni tó ni wọ́n lẹ́rú tàbí ti bàbá ìsàmì ni ọ̀pọ̀ wọn gbé bọ̀.

Ẹ tún wo àwọn Johnson. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, ìlú Hastings ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí ní 1846, ìran Aláàfin Abíọ́dún sì ni. Henry Johnson tó di ashídíkínì, arákùnrin rẹ̀ ni. Dókítà Obadiah Johnson náà, àbúrò rẹ̀ ni. Obadiah yìí ló tún ìwé náà kọ lẹ́yìn tí èyí tí Samuel kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, títí ó fi jáde ní 1921. Ṣùgbọ́n James Johnson, “Holy Johnson” ti ṣọ́ọ̀ṣì Breadfruit, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wọn: nínú àwọn òbí tirẹ̀, ọ̀kan jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, èkejì jẹ́ Ìjẹ̀bú. George William Johnson tó wà nídìí ìjọba Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta ní 1865, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀ pẹ̀lú. Sàró ni gbogbo wọn, Sierra Leone ni wọ́n ti wá, wọ́n gbé láyé lásìkò kan náà. Bí a bá fi orúkọ nìkan wò ó, ilé kan ni wọ́n.

Àwọn kan á ní ká pa orúkọ òyìnbó tì, ká lọ bá orúkọ Yorùbá. Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ibi àkójọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ African Origins, orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ló wà níbẹ̀, wọ́n ju 91,000 lọ. Ẹ wá Òjó nínú rẹ̀, ẹ wá Àìná, ẹ wá Àjàyí. Àmútọ̀runwá ni, bí ọmọ ṣe wáyé ló ń sọ, kò sọ ilé tí wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù, nítorí ó lè tọ́ka sí ẹlòmíì. Bí baba ńlá yín bá ń jẹ́ Ìdòwú, ẹ wá ìbejì tí wọ́n bí ṣáájú rẹ̀. Bó bá ń jẹ́ Babátúndé, bàbá àgbà kan ti kú kí wọ́n tó bí i, ìyẹn sì ń fún yín ní ọjọ́ tí ẹ lè fi wọn ọjọ́ mìíràn.

Kí la wá ń fi ya àwọn tó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀? Ohun tó yí orúkọ ká ni: ọdún, ìlú, iṣẹ́, ìyàwó, ẹni tó ṣẹlẹ́rìí. Samuel Crowther méjì ló wà láàárín 1850 sí 1860, bàbá àti ọmọ tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ. Ọmọ yìí àti Henry Robbin ni wọ́n jọ ń bójú tó ilé iṣẹ́ òwú ní Abẹ́òkúta. Ká ní ẹ rí ìwé tí Samuel Crowther kọ lórí òwú ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ 1857. Ta ló kọ ọ́? Ní oṣù Keje ọdún yẹn, bàbá wà ní Onitsha, ó ń dá ìjọ sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ó bá ọkọ̀ Dayspring gòkè odò Ọya, títí ọkọ̀ náà fi fọ́ nítòsí Jẹ́bbà ní oṣù Kẹwàá. Èèyàn kì í wà lórí odò Ọya kó tún wà nídìí òwú ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ló kọ ọ́. Orúkọ ò ràn wá lọ́wọ́ rárá níbí. Ọjọ́ àti ọ̀nà ìrìn ló ya bàbá kúrò lára ọmọ.

Irú iṣẹ́ báyìí kò yá, kọ̀ǹpútà sì fẹ́ràn kó yá. Lórí àwọn ìkànnì ìdílé, bí orúkọ àti ọdún bá ti súnmọ́ra, ẹ̀rọ á ní kẹ́ ẹ pa èèyàn méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹnì kan á gbà, ọgọ́rùn-ún á dà á kọ, iye àwọn tó dà á kọ á wá dà bí ẹ̀rí. Ní tèmi, mi ò ní gbà pé ẹni méjì jẹ́ ọ̀kan àyàfi bí ó kéré tán nǹkan méjì yàtọ̀ sí orúkọ bá bára mu: ìlú àti ìyàwó, tàbí iṣẹ́ àti orúkọ ọmọ.

Ẹ̀yin tí àwọn àgbà ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe béèrè orúkọ bàbá àgbà nìkan. Ẹ béèrè agboolé rẹ̀, oríkì orílẹ̀ rẹ̀, orúkọ gbogbo ìyàwó rẹ̀ àti ìlú tí wọ́n ti fẹ́ wọn wá, iṣẹ́ tó ṣe, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń lọ. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín àti ọjọ́ tó sọ ọ́.